Ìpara Má-bà-mí àti Kèrègbè Omi Ojú

Ẹ̀yin ọmọ Ìdó-Apá, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí gbòǹgbò àti ẹ̀yin tí ẹ wà lóòró nítorí pé gbòǹgbò ti kún, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ooru. Ẹ̀yin tí ẹ ti oko dé, ẹ kú àárẹ̀. Ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú lọ́hùn-ún yẹn, ọmọ á dàgbà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fi ọ̀pá ti àgbọ̀n, ẹ ó pẹ́ láàárín wa. Ọdẹ́jìnmí ni orúkọ mi, ọmọ Ọdẹ́kúnlé, ní ìlú Ìdó-Apá yìí ni wọ́n ti bí mi, ní agbo ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí igi apá ńlá tí a fi ń pe ìlú. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi wọ igbó. Mo ti pa ohun tí ó ní ìwo, mo ti pa ohun tí ó ní èékánná, mo sì ti sá fún ohun tí n kò dúró wo ohun tí ó ní. Ẹ tètè rẹ́rìn-ín nísinsìnyí, nítorí pé ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú.

Ohun tí ó mú mi pè yín kò ju ohun tí mo rí ní òwúrọ̀ yìí lọ. Mo ń kọjá lọ ní ẹ̀yìn ilé Olúọ́dẹ, mo sì rí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ sí igbó ọdẹ lọ́la, tí ẹ ń fi eré dán ara yín wò nínú oòrùn. Ẹ ti fi ìpara lé-eṣinṣin para láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń rẹ́ ògiri. Ọ̀kan nínú yín tilẹ̀ fi ayọ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá, eṣinṣin kan kò lè bà lé wa lónìí!" Mo ní ó dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé iyàrá mi, mo ti ìlẹ̀kùn, mo sì sunkún, nítorí ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, á sá.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún kò mọ ìyá mi, Àdùfẹ́. Ẹní híhun ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ilé tí ó níyì ní ìlú yìí nígbà náà tí ẹní Àdùfẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Bàbá wa kú nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, èmi àti àbúrò mi, Ọdẹ́níran, nìkan ni ó kù fún un. Ọmú kan náà ni a mu, àwo kan náà ni a ti jẹun. Mo fi ọdún méjì jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀rín jù mí lọ, ó fi ẹsẹ̀ eré jù mí lọ, ó sì fi ìfẹ́ ìyá jù mí lọ, èmi kò sì bínú sí i.

Ìyá wa a máa já koríko ẹní ní ẹ̀bá odò, ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ láti ọdún dé ọdún, títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Nígbà tí ó yá, ó ń wò wá bí ẹni tí ń wo ènìyàn nínú ọyẹ́. Nígbà tí ó tún yá, kò rí wa mọ́. Síbẹ̀ kò yé hun ẹní. Ọ̀nà ara ẹní náà wọ́ sọ́tùn-ún, ó wọ́ sósì, pupa bọ́ sí ibi tí dúdú yẹ kí ó wà, àwa méjèèjì a sì máa yìn ín pé, "Ìyá, eléyìí mà dára ju tàná lọ o!" Ọdẹ́níran á wá jáde sí ẹ̀yìnkùlé, á lọ nu ojú rẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, kò tíì gbéyàwó. Ó ní títí ojú ìyá òun yóò fi là ni òun yóò dúró, kí ìyá lè rí ẹni tí òun bá gbé wọlé.

Kí bàbá wa tó kú, ó ti sọ fún wa pé àpáta kan wà ní ìkángun Ọ̀dàn Aláìníbòji tí à ń pè ní Ẹyinjú, pé omi kan ń sun nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá fi bọ́jú, ojú rẹ̀ á là. Òfin méjì ni omi náà ní. Ìdílé kan, kèrègbè kan, kò sí ẹ̀ẹ̀kejì títí ayé. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ọjọ́ tí a bu omi náà kò gbọdọ̀ wọ̀ kí ó tó kan ojú tí a tìtorí rẹ̀ bù ú. Bí oòrùn bá ti wọ̀, omi ẹsẹ̀ fífọ̀ ni. Ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn. Ẹni tí ó bá ń rìn yóò sùn sójú ọ̀nà, ẹni tí ó bá ń sáré nìkan ni ó lè fi ọjọ́ kan dé Ìdó-Apá. Èyí tí ó tún burú ni pé eṣinṣin amùjẹ̀ ni ó jọba ní ọ̀dàn náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ológoṣẹ́, wọ́n sì lè mu màlúù gbẹ kí olówó rẹ̀ tó rí okùn fà á kúrò.

Ní ti eṣinṣin, a kò bẹ̀rù. Bàbá wa ti kọ́ wa ní ìpara kan tí ó ń jẹ́ Má-bà-mí. Àdín dúdú ni, a ó yọ́ òrí pọ̀ mọ́ ọn, a ó gún ewé efinrin àti ewé dóńgóyárò sínú rẹ̀, a ó sì sè é títí yóò fi ki bí oje igi. Ó rùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín. Òbúkọ gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sin. Ṣùgbọ́n kò sí abìyẹ́ kékeré tí ó lè bà lé ẹni tí ó bá fi para. Èèwọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹni tí ó bá fi Má-bà-mí para jáde nílé kò gbọdọ̀ nù ún, kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́, títí yóò fi tún tẹ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí ó bá nù ún lójú ọ̀nà, ìyá tí ó bí i yóò kú kí ó tó dé. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí bàbá sọ ọ́ fún wa, Ọdẹ́níran jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ojú bàbá le koko bí ó ti ń sọ ọ́, ẹ̀rù sì bà wá tó bẹ́ẹ̀ tí a kò sọ ọ́ sétí ẹnikẹ́ni rí, àgàgà ìyá wa fúnra rẹ̀.

Oṣù Ẹ̀rẹ̀nà ni a gbéra, nígbà tí òjò kò tíì rọ̀ tí ilẹ̀ sì ń gbóná bí àwo ìdáná. Ìyá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń hun ẹní. Ó fi imú fa òórùn wa.

Ó ní, "Ẹ tún ti fi ohun tí ń rùn yìí para. Ọdẹ́jìnmí, mo mọ ibi tí ẹ ń lọ, àwọn ará ilé ti sọ fún mi. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká jẹun. Ojú tí ó fọ́ ti fọ́."

Mo ní, "Ìyá, a ó dé."

Ọdẹ́níran ní, "Ìyá, ìyàwó tí mo fẹ́ ẹ́ fẹ́ lẹ́wà. Ẹ ò ní fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò máa wò ó kí ẹ má wò ó."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ àwa méjèèjì mú, ó sì ní, "Ó dára. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo gbọ́ tí ó ń jáde. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni kí n gbọ́ tí ó ń wọlé. Ojú mi kò tó ẹsẹ̀ mẹ́rin." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ yẹn mú.

Ọjọ́ méjì ni a fi rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a bá Ìmàdò nínú àbàtà kan, ó yí ara rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ títí ojú àti ìwo ẹnu rẹ̀ nìkan fi hàn. Ó kọ́kọ́ kí wa, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀ méjì." A dá a lóhùn, nítorí pé ọdẹ tí ó ń wá ojú ìyá rẹ̀ kì í ṣe ọdẹ ẹran lọ́jọ́ náà, ẹranko á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wò wá lọ, ó wò wá bọ̀.

Ó ní, "Kí ni ẹ fi para tí ó ń dán báyìí?"

Mo ní, "Ohun tí eṣinṣin kò fẹ́ ni."

Ìmàdò mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn gbọ́n nínú ohun gbogbo àfi nínú ara yín. Èmi kò ní òógùn bíi tiyín, ìdí nìyí tí mo fi ń wọ ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ tútù á gbẹ lára mi, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń gbé ooru mi lọ. Ajá ń yọ ahọ́n síta. Erin ń fi etí fẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀yin ni Ẹlẹ́dàá dá odò sí gbogbo ara fún, kí atẹ́gùn lè máa mu ún kí ara yín sì tutù, ẹ sì lọ fi ọ̀rá dé e lórí. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹ máa fi para. Bí ẹ bá fẹ́ sáré nínú oòrùn yìí, ẹ nù ún kúrò, kí eṣinṣin jẹ yín díẹ̀. Ẹni tí eṣinṣin jẹ, á họ ara."

Àbúrò mi wo ẹrẹ̀ náà bí ẹni tí ebi ń pa ti ń wo iṣu gbígbóná. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti àná ni ara ti ń gbóná mi bí ẹni pé mo gbé ààrò sínú. Ẹ jẹ́ ká wẹ̀ níbí."

Mo ní, "Ìyá ńkọ́?"

Ó gbé apó rẹ̀ kọ́ èjìká, ó tẹ̀ lé mi. Ìmàdò pa ojú dé nínú ẹrẹ̀ rẹ̀, bóyá kí ó má baà rí ẹ̀yìn wa.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ní ọjọ́ kẹta, a dúró níwájú Alákàn tí ń ṣọ́ omi Ẹyinjú. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò tó àgbàlá Ọba, ojú rẹ̀ méjèèjì sì yọ sókè lórí ọ̀pá bí àtùpà. Ó bi wá pé ojú ta ni, a ní ojú ìyá wa ni. Ó bi wá bóyá ìdílé wa ti gba tirẹ̀ rí, a ní rárá. Ó fi ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ gba kèrègbè lọ́wọ́ mi, ó bu omi náà, ó tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ara kèrègbè fi ń làágùn. Kí ó tó dá a padà fún mi, ó ní, "Gbogbo ayé ni ó ń sọ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ẹ fi ń ṣọ́ ara yín?" A dúpẹ́, a yí padà.

Ibi tí mo ti pa àbúrò mi ni mo fẹ́ dé yìí, ẹ dákẹ́ kí n lè sọ ọ́.

Ìpara tí ó kù nínú ìkòkò wa kò pọ̀ mọ́. Mo da èyí tí ó pọ̀ jù sí àtẹ́lẹwọ́, mo sì fi para fún Ọdẹ́níran, ní ẹ̀yìn, ní àyà, ní iwájú orí, lórí ti àná àti ti ìjẹta tí ó ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ara yín." Mo ní, "Ìwọ ni ẹsẹ̀ rẹ yá, ìwọ ni o máa gbé kèrègbè jù lọ, ìwọ ni n kò fẹ́ kí eṣinṣin jẹ." Èyí tí ó kù sí ìdí ìkòkò ni mo fi ra ara mi, kò dé ẹ̀yìn mi, kò dé itan mi. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ìkórìíra ni mo fi ṣe é, èmi ni ǹ bá kú.

A bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Eṣinṣin bo ojú ọ̀run, ariwo wọn dàbí ti ọjà tí a ń gbọ́ lókèèrè, ṣùgbọ́n wọn a dé ọ̀dọ̀ Ọdẹ́níran, wọn a ṣẹ́rí padà. Wọ́n rí itan mi, wọ́n jẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, mo ń gbá wọn, mo ń sáré. Ìyá wọn, tí ó tó àdàbà, bà lé orí kúkùté kan níwájú wa, ó sì fi ohùn wẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ kú eré o, ọmọ Ọdẹ́kúnlé. Ẹ ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa, a gbà. Ṣùgbọ́n mo rí iná tí ń jó nínú ilé yín. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sá jáde, ẹnu ọ̀nà wo ni ẹ ó gbà?"

Mo bú u, mo sì kọjá lọ. Òun àti ogun rẹ̀ sì padà lẹ́yìn àbúrò mi pátápátá, wọn kò dù ú mọ́, bí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹlòmíràn ti gba ẹran náà.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, mo ṣàkíyèsí pé Ọdẹ́níran kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òógùn tò sí i lára ní kóró kóró lábẹ́ ọ̀rá, kò gbẹ, atẹ́gùn kò rí i mu. Mo ní kí a rọra, ó ní oòrùn kò ní rọra. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo mọ òwe náà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ta ni ó ń pa òwe nígbà tí ó bá ń bá oòrùn du ojú ìyá rẹ̀? A tún sáré títí orí igi apá ìlú wa yìí fi yọ lókèèrè, kékeré bí olú. Inú mi dùn. Mo fi oríkì rẹ̀ pè é, mo ní, "Ìṣọ̀lá, wò ó! Ilé rèé!"

Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé kí n ti lọ tú àwọn ewúrẹ́ sílẹ̀?"

Ó ti di ọdún méjìlá tí bàbá wa ti kú. A kò sì ní ewúrẹ́.

Ó tún gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ṣubú. Mo fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, mo fa ọwọ́ padà, nítorí ó gbóná bí òkúta ààrò. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò rí mi. Kò sí igi, kò sí odò, kò sí ẹnikẹ́ni, àfi èmi àti kèrègbè. Mo ṣa koríko gbígbẹ kún ọwọ́ láti fi nu ọ̀rá náà kúrò. Ọwọ́ mi ti kan èjìká rẹ̀ kí n tó rántí èèwọ̀, mo sì gbé ọwọ́ náà kúrò lára rẹ̀. Bí mo bá nù ún, ìyá yóò kú. Bí n kò bá nù ún, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wo ẹ̀yìn. Mo wo iwájú, mo rí orí igi ìlú wa; mo wo ẹ̀yìn, mo rí ojú bàbá wa bí ó ti le lọ́jọ́ náà; n kò sì rí ẹni tí n óò bi ní ìbéèrè.

Mo sọ koríko sílẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé, èwo ni kí n pa nínú wọn? N kò ní pa ọ̀kankan. Ojú ìyá ni n óò fi sílẹ̀, kí ìyá wà láàyè, kí àbúrò mi wà láàyè. Mo ṣí kèrègbè náà. Mo fún un mu, ó ń ṣàn padà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, kò lè gbé e mì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sí i lára.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ti rí omi lórí ewé kókò rí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Omi náà ká ara rẹ̀ jọ, ó yí gbirigbiri kúrò ní àyà rẹ̀, ó yí kúrò ní iwájú orí rẹ̀, kò fara mọ́ ọn, kò tù ú, ó ń bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ ń mu ún. Mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ dá a dúró, ó ń gba àárín ìka mi lọ. Mo da èyí tí ó kù pátá. Nígbà tí kèrègbè ṣófo, àbúrò mi mí lẹ́ẹ̀kan, ó gùn, n kò sì gbọ́ èkejì.

Mo gbé e sí ẹ̀yìn mi. Ara rẹ̀ ń yọ̀, mo fi okùn apó dì í mọ́ra. Eṣinṣin tẹ̀ lé wa títí dé etí oko, wọ́n ń jẹ mí, ọ̀kan kò bà lé òun. Òkú ni, eṣinṣin kò sì bà á. Bàbá wa kò purọ́ ní ti ìyẹn.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo dé. Ìyá wa wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹní wà lórí itan rẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró, ó fi etí sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ méjì ni. Ó sì wúwo. Ta nìyẹn?"

Mo tún gbé ẹsẹ̀ kan súnmọ́ ọn.

Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, ìwọ ni. Kí ni o gbé pọ̀n?"

Mo tẹ́ àbúrò mi sórí ẹní tí ó ń hun lọ́wọ́. Ìyá fi ọwọ́ wá ojú rẹ̀, ó wá imú rẹ̀, ó wá ọrùn rẹ̀. Kò ké. Ó ń fi ìka ra àyà rẹ̀, ìka náà ń yọ̀, ó sì ní, "Ọ̀rá ni gbogbo ara rẹ̀. Ooru ni ó pa á. Kí ló dé tí o kò nù ún?"

Mo ní, "Ìyá, èèwọ̀ ni. Bí mo bá nù ún lójú ọ̀nà, ẹ̀yin ni ẹ ó kú."

Ó ní, "Èèwọ̀ wo?"

Mo wí fún un, bí bàbá ti wí fún wa. Nígbà tí ó dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ ti di ti arúgbó.

Ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àlàdé ọmọ mi, mo wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá yín ń wá irọ́ yẹn. Ẹ̀yin méjèèjì kì í jẹ́ kí ìpara pẹ́ lára yín. Ẹ ní ó ń rùn. Bí ẹ bá ti dé odò, ẹ ó fọ̀ ọ́ dànù, kòkòrò á jẹ yín bí ẹni jẹ àgbàdo. Bàbá yín wá bi mí, ó ní, Àdùfẹ́, kí ni àwọn ọmọ yìí bẹ̀rù jù láyé? Mo ní wọn kò fẹ́ kí n kú. Ó ní, ó dára, èmi á fi ìyẹn mú wọn. A rẹ́rìn-ín sí i, èmi àti òun. Mo rò pé ẹ ti dàgbà tó láti mọ̀."

Mo jókòó sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti rí ibi tí ilẹ̀ ti là rí, kí ó wá sọ fún mi bí a ti ń ṣe é, nítorí mo bẹ ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò là. Koríko wà lọ́wọ́ mi ní ọ̀dàn yẹn. Ó wà lọ́wọ́ mi! Ǹ bá nù ún, ǹ bá da omi náà sí i, ara ìbá sì gbà á. Àwọn ará ilé dé, wọ́n ń ṣìpẹ̀, wọ́n ní, "Àdùfẹ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́." Wọn kò mọ̀ pé kèrègbè òfìfo wà ní ìbàdí mi bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ìyá ní kí wọ́n gbé omi àti ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn wá. Fúnra rẹ̀ ni ó wẹ àbúrò mi títí ara rẹ̀ kò fi yọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ náà, súnmọ́ ibí." Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, ó wẹ̀ mí bí ọmọ ọwọ́. Ó lo ọdún mọ́kànlá sí i láyé, nínú òkùnkùn, kò fi ọ̀rọ̀ náà gún mi rí, mo sì máa ń fẹ́ kí ó fi gún mi. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń ṣe. Bí mo bá ti ń wọlé, á dá ọwọ́ dúró lórí ẹní rẹ̀, á gbọ́ ẹsẹ̀ mi, á tún dúró díẹ̀ sí i, á máa retí ẹsẹ̀ méjì yòókù. Lẹ́yìn náà á máa hun ún lọ.

Ó tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ lọ́la, ẹ fi ìpara para, eṣinṣin kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí ó fẹ́lẹ́, ẹ fi èyí tí ó pọ̀ ra aṣọ dípò ara. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ sáré nínú oòrùn, ẹ nù ún, ẹ bu omi sára, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn rí òógùn yín mu. Bí ẹnìkejì yín bá dákẹ́ ẹ̀rín, ẹ dúró. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ mi kàn jù: irọ́ tí ẹ pa fún ọmọdé kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, ẹ rántí pè é jókòó nígbà tí ó bá dàgbà, kí ẹ sọ fún un pé irọ́ ni. Bàbá mi fẹ́ràn wa. Ó kàn kú kí ó tó rántí.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ, ẹ máa lọ sílé, kí ẹ kí àwọn ará ilé fún mi. Iye ẹsẹ̀ tí ó bá jáde ní ẹnu ọ̀nà yín lọ́la, kí ó pé nígbà tí ó bá ń wọlé. Èmi Ọdẹ́jìnmí ti wí tèmi. Ó dàbọ̀.